Ọdún wo gan-an la bẹ̀rẹ̀ sí fún wàrà lóko Bàbá Àgbà? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀

Ọmọ Òdógbolú béèrè:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Lóṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ ṣe ìrántí Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ẹni tó dá oko màlúù wa sílẹ̀ lọ́nà tó ti Òdógbolú lọ sí Àyépé. Ẹbí ní kí n kọ ìtàn oko náà sí ojú ewé mẹ́rin, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ètò ọjọ́ náà. Èmi ni wọ́n yàn torí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin là ń bójú tó oko láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Bàbá Àgbà, bàbá mi, èmi: ìran mẹ́ta nìyẹn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti mọ bí wọ́n ṣe ń so ọmọ màlúù mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ pé mẹ́rin ni.

Ohun tí mo fojú ara mi rí kò le láti kọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àbúrò mi á tú ọmọ màlúù kan sílẹ̀, á sáré lọ sábẹ́ ìyá rẹ̀, á fi orí gbá ọmú náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á mu díẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ìfòfó funfun létí ẹnu ọmọ náà, wàrà ti sọ̀ nìyẹn. Kíá, a ó fà á kúrò, a ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀ kí ìyá lè máa lá a lára. Bí ọmọ kò bá sí níwájú rẹ̀, abo màlúù funfun oníwo gígùn yìí kò ní fún yín ní nǹkan kan. Ẹ ó fa ọmú títí ọwọ́ á fi ro yín ni. Àbúrò mi á lóṣòó, á fi orúnkún méjèèjì há igbá, ẹ ó sì máa gbọ́ ìró wàrà bó ṣe ń lu ìdí igbá òfìfo, ṣìì, ṣìì, títí ìró náà á fi rọlẹ̀ nígbà tí wàrà bá bo ìdí igbá. Lítà kan, bó pọ̀ tán lítà kan àtààbọ̀, ni ti màlúù kan láàárọ̀, torí ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mu ìyókù. Owó wàrà yẹn ló rán bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta níléèwé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ló há mi lọ́fun. Ẹni méjì ló kù láyé tó lè sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wọn kò sì dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún tí wọ́n fi Awùjalẹ̀ Adetona jọba ni Bàbá ra màlúù. Ó ní òun kò lè gbàgbé torí wọ́n rán aṣọ tuntun fún òun nítorí ìwúyè náà. Àbúrò bàbá mi tó wà ní Ìkòròdú ní rárá o, ọdún tí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni, pé lọ́rí tó kó àwọn Fúlàní wá sí oko wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ọkọ̀ mìíràn ní Òdógbolú torí dírẹ́bà gbàgbé, ó ṣì ń gba òsì. Wọ́n ti bínú síra wọn lórí fóònù lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwé kan ṣoṣo ló wà: ìwé iléèwé onílà tí Bàbá Àgbà ń kọ owó obì, owó gàrí àti ti màlúù sí. Ikán ti jẹ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò kọ ọdún sínú rẹ̀ rárá. Ojú ewé tí mo ṣí, mo rí “wàrà, igbá mẹ́rin”, pẹ̀lú iye ní sílè.

Ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn Fúlàní tí mo mẹ́nu kàn yẹn. Ìdílé kan ni, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ. Bàbá Àgbà fún wọn láyè lẹ́yìn odò, ibẹ̀ la ń pè ní Gáà títí dòní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ la gbìn síbẹ̀. Ìyá náà, Ìyá Gáà ni gbogbo ilé ń pè é. Ìyá bàbá mi máa ń dárúkọ rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá ń se wàrà: “Ìyá Gáà ní kí n má jẹ́ kó hó kó tó dì.” Ọdún kan dé tí màlúù kú. Màlúù 31 la ní, 8 ló ṣẹ́ kù. Ìyá bàbá mi ní ojú wọn ń ṣomi, imú wọn ń ṣomi, ẹnu wọn kún fún egbò, wọ́n ń yàgbẹ́ olómi, òmíràn kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ kó tó ṣubú. Àwọn kúkúrú ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní ìgbà náà làwọn ará Gánà ń di ẹrù kúrò nílùú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ará Gáà kó lọ, a kò sì gbúròó wọn mọ́.

Báyìí, mo kọ Ìyá Gáà sínú àkọ́kọ́kọ mi, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n yọ ọ́. Ó ní, “Àrùn màlúù wọn ló pa màlúù wa. Wọn kì í ṣe ẹbí. A ò ní kọ wọ́n sínú ìwé bàbá wa.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, báwo ni mo ṣe lè mọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀? Irú àrùn wo nìyẹn? Ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá mi jàre? Mi ò fẹ́ kọ irọ́ sórí òkú, mi ò sì fẹ́ yọ ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀.

---

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́ fèsì:

Ọmọ mi, o káre. Má dá ẹjọ́ àwọn àgbà méjèèjì yẹn, ó ṣeé ṣe káwọn méjèèjì máa sọ òótọ́.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1960 ni Ọba Sikiru Adetona gorí ìtẹ́ Awùjalẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin yìí kan náà, ní 1972, ni gbogbo mọ́tò ilẹ̀ Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ Àìkú Ọdún Àjíǹde ló bọ́ sí. Mo ṣì ń rí i lójú mi bí èèyàn ṣe tò sétí títì lẹ́yìn ìsìn láti wo mọ́tò bí ẹni ń wo eégún. Ọjọ́ kan náà, oṣù kan náà, ọdún méjìlá láàárín.

Lọ bi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ pé irú màlúù wo ni Bàbá rà lọ́dún ìwúyè. O ti fi ẹnu ara rẹ sọ pé àwọn kúkúrú ló kọ́kọ́ kú. Èmi gbà pé àwọn kúkúrú yẹn ló rà ní 1960: màlúù ìbílẹ̀ tí kò ní iké, tí àwọn oníwèé ń pè ní Muturu. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn ọlọ́lá máa ń ní méjì mẹ́ta, tí wọ́n á máa jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé. Ti oyè ni, ti ìsìnkú ni, ti pé kí ayé mọ̀ pé ẹnìkan lówó ni. Ẹnikẹ́ni kì í fún wàrà wọn. Mi ò rí Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ kan láyé ìgbà náà tó lóṣòó sábẹ́ màlúù. Nítorí náà, “ra màlúù” àti “bẹ̀rẹ̀ sí fún wàrà” lè jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èwo lo fẹ́ kọ pé ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀?

Ní ti ìwé owó, má jẹ́ kí sílè tàn ọ́ jẹ. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, sílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Owó yí padà, ẹnu wa kò yí padà. Ìyá mi pe àádọ́ta kọ́bọ̀ ní sílè márùn-ún títí ó fi kú, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí sílè ti wọlẹ̀. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń pè é kò jẹ́rìí nǹkan kan. Ohun tí ọwọ́ kọ ni kó o wò. Ẹni tó bá ń kọ owó ayé àtijọ́ á kọ 2, á fa ìlà dídagun, á fi ìlà kékeré sí i: 2/-. Bí kọ́bọ̀ ayé ìgbà náà bá wà níbẹ̀, lẹ́tà d ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náírà, k lo máa rí. Ká ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́, kó o wá ibi tí /- ti di k. Ibẹ̀ ni ọdún 1973 wà. Wá wò ó bóyá “wàrà” kọ́kọ́ hàn ṣáájú ibẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀dá ńlá mú òkè Hausa àti gbogbo etí aṣálẹ̀ ní nǹkan bí 1972 sí 1974. Koríko gbẹ, màlúù kú, ọ̀pọ̀ Fúlàní sì sún wá sí ìhà gúúsù ju bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́rí tí àbúrò bàbá rẹ sọ yẹn bá ìgbà náà mu dáadáa.

---

Dókítà Ẹranko, Ṣàgámù fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ti ṣe èyí tó le jù, èmi á sọ̀rọ̀ lórí àrùn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ọ̀rọ̀ yín, mo rò pé ẹ máa sọ̀rọ̀ àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran màlúù, torí òun ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn nínú igbó Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n ti tsetse kì í yá báyìí. Màlúù á máa rù ni, irun rẹ̀ á máa ṣá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa dín kù, ó lè gba oṣù mélòó kan. Muturu kì í sì í tètè kú sí i, torí àìmọye ìran rẹ̀ ti bá eṣinṣin náà gbé. Àwọn funfun oníké láti òkè ni ó máa ń tètè mú.

Tiyín yàtọ̀ sí èyí. Ojú àti imú ń ṣomi, egbò ẹnu, ìgbẹ́ olómi, ikú láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àwọn kúkúrú sì kọ́kọ́ lọ. Rinderpest nìyẹn. Muturu tó lè fara da tsetse, rinderpest máa ń gbá a lọ bí iná ọyẹ́ ni. Àwọn ará Gánà tí ìyá bàbá yín sọ sì bá a mu: oṣù kìíní ọdún 1983 ni ìjọba ní kí wọ́n máa lọ, 1983 kan náà sì ni rinderpest jà káàkiri Nàìjíríà. Láti 1962 ni wọ́n ti ń fún màlúù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, a wá dẹwọ́, ó sì padà wọlé. Láti Sókótó títí dé etí òkun, ọ̀kẹ́ àìmọye màlúù ló lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ní àrùn màlúù wọn ló pa màlúù yín. Màlúù tó ń rìn ló ń gbé e kiri, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn ará Gáà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún yẹn ni? Bí wọ́n bá ti wà lẹ́yìn odò yín fún ọdún mẹ́wàá, tí ẹ sì jọ ń mu odò kan, màlúù tiwọn náà kò ní í ṣaláì kú. Ẹ béèrè pé mélòó ló kú lọ́wọ́ wọn. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, màlúù tí wọ́n ń dà lọ sọ́jà tó kọjá lójú títì fún wákàtí kan péré tó láti mú un wọlé. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìdílé báyìí ló mú un wá.

Ọdún 2011 ni wọ́n kéde pé rinderpest ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo àgbáyé. Bí a bá yọ ìgbóná kúrò, òun nìkan ni àrùn tí ọmọ aráyé ti pa run pátápátá. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lónìí kò rí i rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí ìyá bàbá yín rí sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ má gé e kúrú.

Ẹ tún jọ̀ọ́, wàrà tí ẹ bá fún láàárọ̀, ẹ rí i pé ẹ gbé e kaná kí ọmọdé tó mu ún. Ikọ́ ife àti ibà tó ń mú màlúù ṣẹ́yún lè ti inú wàrà tútù ran èèyàn.

---

Ìjẹ̀bú-Igbó Nilé fèsì:

Èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ń wo ọ̀nà jíjìn. Ẹ mọ bí ayé ṣe rí báyìí láàárín àgbẹ̀ àti darandaran. Wọ́n jẹ oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi tán lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, éékà méjì, kò rí kọ́bọ̀ gbà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìdílé kan wà lórí ilẹ̀ yín láti ọdún báyìí, lọ́la ọmọ ọmọ wọn á gbé ìwé náà wá pé ilẹ̀ bàbá àwọn ni. Mi ò ní kí ẹ kórìíra wọn. Mo ní kí ẹ ronú sí ohun tí ẹ máa fi òǹtẹ̀ lù.

---

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́ fèsì:

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, mo bá bàbá rẹ kẹ́dùn, ẹ̀gẹ́ éékà méjì kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lò ń bẹ̀rù, kíkọ ọ́ ló sàn. Ẹni tí wọ́n fún láyè, tó ń gbé nǹkan wá fún onílẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́wọ́ onílẹ̀. Ọmọ Òdógbolú, ṣé àwọn ará Gáà máa ń san ìṣákọ́lẹ̀?

---

Aláwàrà Òkè-Ajé fèsì:

Àbúrò mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ewé wo ni ìyá bàbá yín fi ń mú kí wàrà dì?

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ta wàràǹkàṣì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìlọrin ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ìyá Fúlàní kan, kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń dédé mọ̀. Ẹ ó gbé wàrà kaná, iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ le. Ẹ ó gún ewé bomubomu pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ẹ ó po omi rẹ̀ mọ́ wàrà díẹ̀, ẹ ó sẹ́ ẹ, ẹ ó dà á sínú ìkòkò nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ọ́. Ẹ ó wá máa wò ó. Bí ẹ bá jẹ́ kó hó kó tó dì, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí ògì tó bàjẹ́. Bí ẹ bá sì da bomubomu jù, á korò. Ìgbà tí omi rẹ̀ bá yà sọ́tọ̀, tó mọ́, tó rí bí omi ẹ̀kọ tó tòrò, ìgbà náà lẹ ó jẹ́ kó hó kí ewé náà lè jinná, kí ẹ tó bù ú sínú agbọ̀n kékeré kí omi rẹ̀ ro dànù. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní ìyá bàbá yín máa ń sọ, “má jẹ́ kó hó kó tó dì”, ìdí iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe é ló kọ́ wọn.

Bomubomu kì í sì í ṣe igi igbó wa. Ilẹ̀ ọ̀dàn ló fẹ́ràn, ibi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀. Èmi máa ń ra ewé rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ ni. Ẹlòmíràn máa ń lo omi ọsàn wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kì í dúnmọ́ bákan náà. Tí bomubomu bá wà nílé yín, ẹ béèrè ẹni tó gbìn ín.

---

Ọmọ Òdógbolú fèsì:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún àbúrò mi lóru àná, kò sì sẹ́ni tó sùn nínú wa.

Aláwàrà Òkè-Ajé, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú mi dìde. Bomubomu wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa! Ìdí mẹ́rin ni, ó ga jù mí lọ, ewé rẹ̀ gbòòrò, ó ń dán bí ẹni fi àtíkè pa á, bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ ohun funfun á máa ṣàn. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnìkan ló gbé e wá. Mo wá rìn láti ilé wa dé Àyépé, mò ń wo ẹ̀bá ọ̀nà. Mi ò rí ẹyọ kan.

Tíṣà, mo ṣe bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Mo gbé ìwé náà síbi ìmọ́lẹ̀, mo sì ń ká a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ torí ó ti ń já. Ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkọkànlá, /- ló wà níbẹ̀: obì, gàrí, owó ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù, owó iléèwé. Ní ojú ewé kẹjọ, lábẹ́ “gàrí, àpò mẹ́ta”, ó kọ ọ́ báyìí: “wàrà, igbá méjì, 2/-.” Èyí ni wàrà àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìwé náà. Ní ojú ewé kejìlá, ó kọ 2/-, ó fa igi sí i, ó wá kọ 20k sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi ìka mi sórí igi tó fà yẹn, ọkàn mi ń lù. Bàbá Àgbà ni, ó jókòó síbi tábìlì yìí, oṣù kìíní 1973, ó ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní owó tuntun.

Torí náà, bí àbúrò bàbá mi kò bá ṣì í, àwọn ará Gáà dé lẹ́yìn oṣù kẹrin ọdún 1972, wàrà àkọ́kọ́ sì di tàtà kí ọdún náà tó parí. Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mi ò sọ nǹkan kan fún un, mo kàn bi í pé, “Mọ̀mọ́, màlúù tí Bàbá rà lọ́dún ìwúyè, ṣé wọ́n ní iké?” Ó ní, “Iké kẹ̀? Àwọn kúkúrú ni. Àwa ọmọdé la máa ń gùn wọ́n.” Mo ní, “Ta ló ń fún wàrà wọn?” Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, “Kò sẹ́ni tó ń fún wàrà nígbà yẹn. Ìyá Gáà ló mú un dé.”

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Tíṣà tún béèrè nípa ìṣákọ́lẹ̀. Mọ̀mọ́ ní wọ́n ń gbé igbá wàrà kan wá ní gbogbo Jímọ́ọ̀, wọ́n ń gbé e síwájú Bàbá fúnra rẹ̀, àti itan màlúù kan ní Iléyá. Ìjẹ̀bú-Igbó Nilé, màá kọ ìyẹn síbẹ̀ ní kedere, pé Bàbá ló fún wọn láyè àti ohun tí wọ́n ń gbé wá. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán, bí ẹ ṣe sọ ọ́ ló jẹ́ kí n béèrè.

---

Dókítà Ẹranko, Ṣàgámù fèsì:

Inú mi dùn gan-an. Ẹ wo Sábó níbí ní Ṣàgámù. Àwọn ìdílé Fúlàní àti Hausa tó ti pẹ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ mọ ara wọn, bí òwò obì ṣe so wọ́n pọ̀ látijọ́. Bí ẹ bá sọ fún àwọn àgbà ibẹ̀ pé “ìdílé tó wà ní Òdógbolú lẹ́yìn odò títí di 1983”, ẹnìkan á mọ̀ wọ́n.

---

Ọmọ Òdógbolú fèsì:

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kọjá, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Dókítà, mo lọ.

Ọjọ́ kejì tí mo lọ ni wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta wàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ti lé láàádọ́ta ọdún. Mo sọ orúkọ oko wa. Ó gbé ìbòrí rẹ̀ sẹ́yìn, ó wò mí, ó sì fi èdè Ìjẹ̀bú tó mọ́ ju tèmi lọ bi mí pé ọmọ tani mí nínú wọn. Àbígbẹ̀yìn Ìyá Gáà lobìnrin ni. Wọ́n gbé e dé oko wa lọ́mọ ọwọ́, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Ìyá rẹ̀ kú ní 1996.

Mo bi í léèrè màlúù. Ó ní 19 ni wọ́n ní, 14 ló kú. Ó ní bàbá òun àti Bàbá Àgbà wa ni wọ́n jọ gbẹ́ kòtò, wọ́n ń sun òkú màlúù fún ọjọ́ mẹ́ta, èéfín rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun. Kò sí ìjà. Wọ́n lọ torí kò sí màlúù mọ́ láti dà, bàbá rẹ̀ sì wá ṣiṣẹ́ obì ní Sábó. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó márùn-ún tó kù tà, ìyá bàbá mi ló bẹ̀ ẹ́ kó fi abo kan sílẹ̀. Abo yẹn, funfun, etí òsì rẹ̀ ya. Mo mọ̀ ọ́n! Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ni mo mọ̀ o, ìtàn rẹ̀ ni. Bàbá mi máa ń sọ pé “gbogbo màlúù oko yìí, ọmọ Eléti Yíya ni wọ́n”, mo sì rò pé nínú mẹ́jọ tiwa tó kù ló wà. Nínú ìwé owó, mo tún padà lọ wá a: “abo 1, Ìyá Gáà”, kò sí iye owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi nílé rẹ̀, ojú kojú, kì í ṣe lórí fóònù. Ó sunkún. Ó ní òun ti gbàgbé kòtò náà, pé ẹnu àwọn èèyàn ìgbà náà lòun ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà ló gba bírò lọ́wọ́ mi. Níbi tí mo kọ ọ́ sí pé “àwọn Fúlàní kan ran Bàbá lọ́wọ́”, ó fa igi sí i, bí Bàbá rẹ̀ ṣe fà á sí sílè, ó sì kọ orúkọ Ìyá Gáà gan-an síbẹ̀, orúkọ tí èmi kò mọ̀ rí. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí mi ò tíì gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Mo bi obìnrin náà bóyá á wá síbi ìrántí, bóyá a lè ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé. Ó ní òun á wá, òun kò fẹ́ fọ́tò. Ohun kan ló bẹ̀ mí fún. Wọ́n da kọnkéré sí àgbàlá wọn lọ́dún tó kọjá, bomubomu ìyá rẹ̀ sì lọ lábẹ́ rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń lò báyìí, wàrà rẹ̀ kì í dì dáadáa mọ́. Èso tiwa ti ń là báyìí, òwú funfun inú rẹ̀ ń fò káàkiri ilé ìdáná. Ọmọ mi ti ṣa irúgbìn rẹ̀ sínú bébà, ó dì í mẹ́ta. Sátidé la ń gbé e lọ.